Nehemáyà Gbàdúrà, Ó sì Yan Ìṣọ́

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọjọ́ Olúwa o.

Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú tó kọjá, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, mo tún padà fà á wò. Ìyá wa kan rí mi, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gbogbo ibí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ẹni tó ń ṣọ́ra, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré.

Ẹ ṣí Nehemáyà 4:9. Àwọn èèyàn Ọlọ́run ń tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, Sáńbálátì àti Tòbáyà, àwọn ọ̀tá wọn, sì ń halẹ̀. Àwọn èèyàn Ọlọ́run gbàdúrà, wọ́n sì yan ìṣọ́ tọ̀sán-tòru. Inú ẹsẹ kan náà ni méjèèjì wà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Èmi fúnra mi, ìyà ló kọ́ mi. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo dé láti òde ìsìn ní nǹkan bí aago 9 alẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ṣí géètì, ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, báàgì wà lórí àga, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Orin ni mo ń kọ bọ̀ láti Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, mi ò wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó yíjú padà, ọ̀dọ́kùnrin kan ti gbé báàgì gun ọ̀kadà tó ń dúró dè é. Kò fọwọ́ kàn mí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Látìgbà náà, bí mo bá fura pé ẹnì kan ń tẹ̀ lé mi, mi ò ní yà sílé, màá kọjá lọ síbi tí èrò wà. Inú ọkọ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí títí wọ́n á fi ṣí géètì.

Orí 6 ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ní kí Nehemáyà wá pàdé àwọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ónò, ibi ni wọ́n sì ń gbèrò láti ṣe é. Ìgbà 4 ni wọ́n ránṣẹ́ sí i, ìgbà 4 ló kọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa ní yunifásítì LAUTECH, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ẹni tó fẹ́ ra fóònù yín tó ní kẹ́ ẹ gbé e wá sí ilé àkọ́kù, ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ àmọ́ tí kò ní ọ́fíìsì, awakọ̀ tó dúró lẹ́bàá títì lálẹ́ tó ń pe "Ìlọrin, ẹnì kan ló kù": Ónò ni gbogbo rẹ̀. Inú gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé kó tó gbéra.

Ìtẹríba ni wọ́n fi tọ́ wa nílẹ̀ yìí, ojú máa ń tì wá láti sọ fún àgbà tàbí àlejò pé rárá. Ojútì yẹn gan-an ni oníṣẹ́ ibi ń wá. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé wọ́n lè kọ̀ fún àgbà tó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun, kódà bó mọ orúkọ bàbá wọn, kí wọ́n sì pariwo.

Bí wọ́n bá fa ọ̀bẹ tàbí ìbọn yọ, ẹ fún wọn ní fóònù. Bí àyè bá wà, ẹ sá. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ Pọ́ọ̀lù kalẹ̀ lára odi Dámásíkù lóru (Ìṣe 9:25). Kò tìtorí ẹ̀ di ojo.

Nehemáyà tún fi afunfèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, torí àwọn òṣìṣẹ́ jìnnà síra lórí odi: ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ fèrè ni kí wọ́n sá jọ sí. Àwa náà jìnnà síra. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn òní, kí àwọn tó ń gbé àdúgbò kan náà jókòó pọ̀, kí wọ́n gba nọ́ńbà ara wọn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, pẹ̀lú 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, torí fóònù gan-an lè jẹ́ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago 6:30 ni ìpàdé àdúrà yóò máa parí. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Sábó àti Arówómọ́lẹ̀, ẹ dúró de ara yín lẹ́nu géètì. Màá wà níbẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn á fi lọ.

Pásítọ̀ yín