Ẹyẹ wà lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ ká lọ wò wọ́n

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Old Oyo National Park ni mo bá wá, torí àwọn ará Ọ̀yọ́ wa á máa fi fọ́tò kìnnìún Kenya ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì àgbà páàkì yìí wà nínú ìlú wa níbí! Láti 1991 ló ti di National Park, ẹfọ̀n ń bẹ níbẹ̀, ìjímèrè ń bẹ níbẹ̀, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé gan-an, inú ẹ̀ ló wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí nǹkan wò dáadáa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, koríko á ti gbẹ, omi á ti fà, ẹyẹ àti ẹranko á máa wá sétí odò, pàápàá láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ má pariwo o jàre.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì lówó mọ́tò, ẹ gbójú sókè wo ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé yín. Akọ ẹ̀gà á hun ilé tán, á dorí kodò sábẹ́ ẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ pé kí abo wá wò ó, tí abo ò bá gbà, akọ á tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíì (kọ́ńtírátọ̀ wo ló máa ṣèyẹn?).

Àwọn ọmọ tó ń fi rọ́bà ta ẹyẹ ló ń dùn mí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kó wọn lọ páàkì yẹn fún ẹ̀skọ́ṣọ̀n. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa máa gbé fọ́tò ẹyẹ kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ọ̀yọ́