Ẹ̀sùn lórí owó ìtọ́jú ajá mi àti àlàyé tí ẹ kọ̀ láti ṣe

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn ẹranko,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fáìlì Bingo wà lọ́wọ́ yín, n kò ní máa ro àìsàn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ajá ti gbádùn. Èmi ni inú mi ò tíì rọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá bá yín: nínú bíìlì ₦92,000 yẹn, èwo ló pọn dandan? Dókítà yín ló sọ lójú mi pé eégbọn ló kó àìsàn ràn án, pé wọ́n rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó dáa. Mo sanwó abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò yẹn, n kò jiyàn. Kí wá ni àyẹ̀wò parvo, àìsàn ìgbẹ́ gbuuru tó sábà ń mú ọmọ ajá, ń ṣe níbẹ̀, fún ajá ọdún márùn-ún tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ ẹ̀yin náà? Kí ni dírípù ń wá lára ajá tó ń jẹ ẹ̀bà, tó ń mu omi, tí kò bì? Ó lè nídìí o. Èmi kì í ṣe dókítà. Kí ẹnìkan ṣáà sọ ìdí náà fún mi.

Arábìnrin tó ń gbé fóònù yín ní kí n pè padà lọ́sàn-án. Mo pè lọ́sàn-án, dókítà ti lọ sí oko adìẹ ní Ẹdẹ. Ó ní dókítà á pè mí. Kò pè. Mo wọkọ̀ wá fúnra mi, wọ́n ní akáùńtáǹtì ló mọ̀ ọ́n. Akáùńtáǹtì ní ọ̀rọ̀ dókítà ni. Nígbà tí mo tún pè, arábìnrin yìí, tí mo bí lọ́mọ dáadáa, dá mi lóhùn pé: "Màmá, tí ẹ ò bá lówó ajá, ẹ lọ sin adìẹ." Ó sì pa fóònù. Ẹ bá mi dúpẹ́ ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Adìẹ ti wà nílé mi tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́ kì í bú mi.

Ẹ má pè mí ní ahun. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ mi, torí bí àìsàn yẹn bá ti fojú hàn, ì báà ṣe lára ajá tàbí ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é. Èyí tó yẹ ní sísan, mo ń san án.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí dókítà fọwọ́ sí i: ohun tí ẹ ṣe, ìdí rẹ̀, iye rẹ̀. Ẹ fi èsì àyẹ̀wò méjèèjì mọ́ ọn, mo sanwó wọn, n kò rí bébà kankan. Èyí tí ẹ kò bá rí àlàyé ṣe lórí rẹ̀, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Kí arábìnrin yẹn náà sì wá bẹ̀ mí.

Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá fi kọjá, mo ń kọ̀wé sí Veterinary Council of Nigeria, tí orúkọ dókítà yín wà nínú ìwé wọn, àti FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Rìsíìtì yín á wà nínú lẹ́tà méjèèjì. Ẹ má tún ní kí n pè padà.

Èmi ni,
Ẹni tó ni Bingo