Wọn Ò Kúkú Lé E

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n ní kí ẹnì kan dìde kúrò lórí àga iwájú nínú ìjọ wa, ni ẹsẹ Bíbélì kan ti há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja: Jákọ́bù 2, ẹsẹ 3. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 2. Ẹni tó ní òrùka wúrà lọ́wọ́ wọlé, tálákà tó wọ aṣọ èérí náà wọlé. Wọ́n ní kí olówó jókòó síbi tó dára. Wọ́n ní kí tálákà dúró lọ́hùn-ún, tàbí kó jókòó lábẹ́ àpótí ìtìsẹ̀.

Ohun tí mi ò kíyè sí láti ọjọ́ yìí wá ni pé wọn ò lé tálákà yẹn. Wọ́n jẹ́ kó wọlé. Wọ́n tiẹ̀ fi ibi tó lè jókòó sí hàn án. Síbẹ̀ Jákọ́bù ò yìn wọ́n. Onídàájọ́ tó ní èrò búburú ló pè wọ́n.

Ó rán mi létí obìnrin òṣèré kan ní Amẹ́ríkà, Hattie McDaniel. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ tọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé fàájì kan ní Milwaukee, ó tún ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Los Angeles nígbà tí owó fíìmù ò tó jẹun. Nínú àwọn fíìmù pẹ̀lú, ipa ìránṣẹ́ ni wọ́n ń fún un ṣáá, àwọn èèyàn dúdú kan sì ń bá a wí lórí ẹ̀. (Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀hún lóòótọ́ ni wọ́n ń bínú sí pé ó ń ṣe é léré.)

Lọ́dún 1939 ó kópa nínú fíìmù Gone with the Wind. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fíìmù náà jáde ní Atlanta, kò lè bá wọn lọ, torí àwọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1940, ó di èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn onífíìmù. Ẹ wá gbọ́ ibi tó jókòó sí. Hòtẹ́ẹ̀lì Ambassador, níbi tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ náà, kì í gba èèyàn dúdú nígbà yẹn. Wọ́n ní láti bẹ̀bẹ̀ kó tó wọlé. Tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n fún un, àwọn tí wọ́n jọ ṣeré wà lọ́tọ̀. Òdòdó funfun wà nínú irun rẹ̀. Ìdí ògiri yẹn ló ti dìde lọ gba ẹ̀bùn. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan á ti sọ lálẹ́ ọjọ́ náà pé, a kúkú jẹ́ kó wọlé.

Lọ́dún 1945, àwọn aládùúgbò funfun fẹ́ fi kóòtù lé òun àtàwọn míì kúrò nílé tí wọ́n fowó ara wọn rà. Adájọ́ ò gbà fún àwọn aládùúgbò náà. Hattie kú lọ́dún 1952. Ó ti sọ itẹ́ òkú tó wù ú ní Hollywood. Wọ́n ní àwọn kì í sin dúdú síbẹ̀. Ó di 1999 kí wọ́n tó gbé òkúta ìrántí rẹ̀ síbẹ̀. Òkúta o, kì í ṣe òun.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ tiwa. Ẹ̀yin ọ́ṣà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo aṣọ kẹ́ ẹ tó wojú: tí mo bá tún gbọ́ "a ò lé wọn, a kàn ní kí wọ́n sún sẹ́yìn ni" lẹ́nu ẹnikẹ́ni, èmi náà á ní kó bá mi sún sẹ́yìn. Ta ló ń fọ aṣọ pẹpẹ? Ta ló ń gbá gbọ̀ngàn yìí kí kánópì yín tó dé? Ẹni tẹ́ ẹ ní kó dìde, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ọmọ rẹ̀ ń wò ó lójú. Orí pẹpẹ ni mo wà. Mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tó ń wá ibi tí orin wà nínú ìwé. Orí mi ni ìbáwí yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò kórìíra yín o. Nígbà àìsàn mi lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ yín ni mo ti ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ lálẹ́, ẹnì kankan ò sì bi mí ohun tí mo wọ̀. Ẹ mọ ilé tó yẹ kẹ́ ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má ì tíì gbé owó dání; ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó tì í.

Ìkéde: Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú ti di aago márùn-ún àbọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ iná. Akọrin, ẹ dá ìwé orin padà. A ti bó gbogbo ìwé orúkọ tó wà lẹ́yìn àga iwájú. Ẹni tó gbàgbé agbòjò aláwọ̀ ewé, ó wà lọ́dọ̀ bàbá alágogo.