Lẹ́tà sí Bàbá Mi, Nítorí Ẹsẹ Mẹ́ta Tí Ẹ Kò Kà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni akọ̀wé ìjọ ránṣẹ́ sí mi pé èmi ni n óò ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, nínú ìsìn àdúrà tí a fẹ́ ṣe nítorí ogun tó gba ayé kan, àti pé Sáàmù 72 ni. Ó pé ọdún méje tí ẹ ti sùn. Èmi ni mo mú Bíbélì yín nígbà tí a pín ẹrù, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣí i rí títí di alẹ́ ọjọ́ náà, tí iná lọ, tí mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ẹ ó rántí ọjọ́ tí olóṣèlú ńlá nnì wá ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ wa, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn opó. Ẹ̀yin ni Bàbá Ìjọ, ẹ̀yin náà ni ẹ ka ẹ̀kọ́, Sáàmù 72 yìí kan náà. Mo ń fi ìka tọ ohùn yín lẹ́yìn nínú Bíbélì tèmi, bí ẹ ti kọ́ mi. Nígbà tí ẹ dé ẹsẹ 11, níbi tí gbogbo ọba ti wólẹ̀ níwájú ọba òdodo náà, ẹ dákẹ́, ẹ tún awò ojú yín ṣe, ẹ sì fo ẹsẹ 12, 13 àti 14 bọ́ sí ẹsẹ 15, tí ó sọ pé a ó fi wúrà Ṣéba fún un, a ó sì máa yìn ín lójoojúmọ́. Ìjọ ṣe Àmín. Ẹ fo aláìní tí ń ké. Ẹ fo tálákà tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ìka mi dúró lórí wọn títí ẹ fi jókòó, n kò sì bi yín léèrè títí ẹ fi kú.

Ẹ̀yin yìí kan náà ni ẹ kọ́ wa ní àdúrà alẹ́ pé ẹni tí ó bá ń fi òdodo ṣàkóso dà bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tí kò ní ìkùukùu. Ẹ̀yin ni ẹ fi hàn wá pé orúkọ Sólómọ́nì ni ó wà lórí Sáàmù 72, síbẹ̀ nígbà tí Sólómọ́nì kú, ẹkún àjàgà wúwo tí ó gbé lé wọn lọ́rùn ni àwọn ènìyàn náà gbé lọ bá Rèhóbóámù ọmọ rẹ̀. Ẹ ní ìdí nìyẹn tí àwọn wòlíì kò fi dẹ́kun wíwo ọ̀nà fún ọba mìíràn, Ọmọ Aládé Àlàáfíà. Mo gbà yín gbọ́, mo ṣì gbà yín gbọ́, òun gan-an ló mú kí ohun tí ẹ fò náà máa dùn mí.

Nígbà tí mo lọ kí Àkànní ọmọ mi ní New York, ó mú mi lọ síbi ògiri tó dojú kọ ilé Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, níbi tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ Aísáyà sí, pé wọn yóò fi idà rọ ohun ìtúlẹ̀. Mo wá a títí, n kò rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà, tí ó sọ pé Olúwa ni yóò kọ́kọ́ ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Wọ́n fò ó. Nínú ọgbà àjọ náà ni ère ọkùnrin tó ń fi òòlù lu idà wà, ẹ̀bùn ìjọba Soviet ní ọdún 1959. Evgeniy Vuchetich tí ó mọ ọ́n, ìlú tí à ń pè ní Dnipro ní Ukraine lónìí ni wọ́n bí i sí, ìlú tí àdó olóró Rọ́ṣíà sì ti ń bọ́ lù láti ọdún 2022.

Bàbá, èmi náà ti fo ẹsẹ. Àkànní, tí ẹ fi ẹnu yín sọ lórúkọ, ti wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó sọ fún mi pé ìwé ọmọ ìlú yóò tètè tẹ òun lọ́wọ́, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, n kò sì rántí ohun tí Sámúẹ́lì sọ fún àwọn tó ń tọrọ ọba, pé yóò mú àwọn ọmọkùnrin yín sínú kẹ̀kẹ́ ogun rẹ̀. Wọ́n ti gbé e kúrò ní Amẹ́ríkà báyìí, kò sì lè sọ ibi tí ó wà fún mi. Ẹsẹ 14 ní iyebíye ni ẹ̀jẹ̀ wọn ní ojú ọba náà. Mo ń bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, mo sì mọ̀ pé ìyá mìíràn ń bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè ní kí ọmọ mi yìnbọn sí.

Àwọn ènìyàn ńlá yóò jókòó ní iwájú ní ọjọ́ Ìsinmi. N óò ka ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ohùn mi bá gbà fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí tọ́ọ̀ṣì mi kan ojú ìwé náà, mo rí i pé ẹ ti fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sábẹ́ wọn, láti ẹsẹ 12 dé 14, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bébà náà fẹ́ ya. Ìgbà wo ni ẹ fa ìlà yìí, Bàbá? Ṣé kí ẹ tó jáde nílé lọ́jọ́ náà ni, àbí nígbà tí ẹ padà dé?

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́