Ìkéde fún ọmọ ẹgbẹ́: owó ìjọba àti omi tó ń ya wọlé wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìpàdé Sátidé yìí, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ omi nìkan la ó sọ.

Òfin ìṣàkóso ìbílẹ̀ ti 1999, tí òfin tuntun rọ́pò ní 2021, ló fi ọ̀nà tí omi òjò ń gbà lọ sọ́wọ́ mérì, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú wa. Ìjọba sì ń fún mérì lówó ìdàgbàsókè: láti 2008, FADeC (àpò ìrànwọ́ fún ìdàgbàsókè ìlú) là ń pè é tẹ́lẹ̀, òun ló wá di FIC (àpò owó iṣẹ́ ìlú) báyìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò bá sí nínú ètò tí mérì kọ sílẹ̀, ó ṣòro kó rówó gbà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Omi méjì ló ń bá wa jà. Ti oṣù kẹrin sí ìkeje, òjò ni, gọ́tà tó dí ló ń dá a dúró. Ti oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá yàtọ̀: odò Wẹ̀mẹ̀ (Ouémé) á gbé omi àríwá wá, ọ̀sà á kún, kódà bí òjò ò rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Gọ́tà nìkan ò ká ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gọ́tà kan ṣoṣo tẹ́ wa lọ́rùn o.

Ẹni tí omi bá fi àmì sára ògiri rẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀, kó gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí gíga rẹ̀ lè hàn. Ẹ̀yin ìyá tó ń tajà létí ọ̀sà, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí omi kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàì wá. A ó jọ kọ gbogbo ohun tí omi ń ṣe wá sílẹ̀, a ó sì gbé e lọ sí mérì kí wọ́n tó ṣètò owó ọdún tó ń bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́