Ẹ jẹ́ ká rán àgbẹ̀ tó lóko lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ kí àwọn olóṣèlú tó tún ya bo ojúde wa. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní LAUTECH ló sọ ìtàn William Owen Bush fún mi, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ara àwọn Bush tó ṣe ààrẹ o.

George Bush ni bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1844, ó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù láti Missouri, ó dorí kọ Oregon. Àṣé wọ́n ti ṣòfin níbẹ̀ pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ tẹ̀dó. Ni wọ́n bá sọdá odò Columbia, wọ́n lọ ṣán igbó níbi tó di ìpínlẹ̀ Washington lónìí. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n lọ́dún 1852, àwọn oníṣòwò fẹ́ kó gbogbo ọkà bàbá yìí kí wọ́n lè tà á lọ́wọ̀n-ọ́n gógó. Ó kọ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tébi ń pa, ló fún. Síbẹ̀, ilẹ̀ tó ń ro kì í ṣe tirẹ̀ lójú òfin, àfìgbà táwọn aládùúgbò bá a bẹ̀bẹ̀, tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sì ṣòfin ọ̀tọ̀ fún un lọ́dún 1855: 640 éékà. Ó kú lọ́dún 1863, wọn ò jẹ́ kó dìbò.

Owen kò fi ọkọ́ sílẹ̀. Àlìkámà rẹ̀ gba ẹ̀bùn níbi ìpàtẹ Philadelphia lọ́dún 1876. Nígbà tí Washington di ìpínlẹ̀ lọ́dún 1889, wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin àkọ́kọ́ pàá. Àbá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbé lọ síbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ló di yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Washington ní Pullman. Inú mi dùn débi pé mo ní kí ọmọ mi tún un sọ.

Ẹ wá wo tiwa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mọ́tò kì í wọ oko wa lọ́nà Ajáàwà. Ẹ̀gẹ́ tá a bá wú, tó bá fi lo ọjọ́ mẹ́ta nílẹ̀, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Alájàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀, iye tó bá wù ú ló máa pè é. Ta ló ń sọ èyí ní Agodi, nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa n'Íbàdàn? Ẹnì kan tó ṣojú wa rí kó ajílẹ̀ wá. Àgbàdo ti yọmọ, irun rẹ̀ ti ń gbẹ, kó tó dé. Ká ní ó ń dáko ni, ṣé kò ní mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù?

Ẹni tó bá fẹ́ ìbò wa, ẹ ní kó mú yín lọ sóko rẹ̀. Ẹ wo ebè, ẹ bi àwọn tí wọ́n jọ pààlà. Mo sì mọ̀ pé owó fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń dá àgbẹ̀ dúró, àti àwọn ìyá tó ń yan gàrí, tí wọ́n mọ ọjà ju gbogbo wa lọ. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa dá owó náà fún ẹni tá a bá fọwọ́ sí. Mo ti sọ ọ́ nípàdé tiwa. Ẹ̀yin ará Ìrẹsà àti Ọ̀rílé-Ìgbọ́n, kí lẹ rí sí i?

Èmi, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo,
Ọ̀nà Ajáàwà, Ògbómọ̀ṣọ́.