Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ohun Tó Wà Nídìí Ìwọ́de Náà

Sí Olóòtú,

Mo kọ ìwé yìí nítorí bí àwọn ìwé ìròyìn wa ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà láìníwèé àṣẹ ìgbélùú, pàápàá nígbà tí ìwọ́de bá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ tó ń jó àti ti àwọn sójà ni a sábà máa ń rí. Òfin tó bí ìwọ́de náà àti bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹnubodè wọn kì í dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ wo ti Los Angeles ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ICE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àwọn aláìníwèé, ya wọ àwọn ibi iṣẹ́ láti kó wọn ní ọjọ́ 6 oṣù náà, àwọn èèyàn tú síta, Ààrẹ Donald Trump sì kó àwọn ọmọ ogun National Guard, ìyẹn ọmọ ogun àdúgbò tí gómìnà ìpínlẹ̀ sábà máa ń pàṣẹ fún, lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé Gómìnà California, Gavin Newsom, béèrè fún wọn. Àwọn kan dáná sun ọkọ̀, ìwà burúkú ni, kò sì sí àwíjàre fún un. Ṣùgbọ́n àwòrán ọkọ̀ mélòó kan yẹn ni wọ́n ń gbé káàkiri ṣáá, tó fi dà bíi pé gbogbo ìlú ló ń jó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin kónílé-ó-gbélé tí olórí ìlú náà, Karen Bass, ṣe kò kọjá nǹkan bíi máìlì kan níbùú-lóròó láàárín ìgboro, nínú ìlú tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju 450 lọ nínú rẹ̀.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àbá kan, H.R. 4437, tó fẹ́ sọ gbígbé orílẹ̀-èdè náà láìníwèé di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ńlá. Òun ló mú kí àwọn èèyàn tí ọlọ́pàá fojú bù sí 500,000 jáde ní Los Angeles ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2006. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ oníròyìn elédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí orí rédíò elédè Sípáníìṣì ni ìpè náà ti jáde, níbi tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bí Eddie Sotelo ti rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wọ aṣọ funfun, kí wọ́n mú àsíá Amẹ́ríkà dání, kí wọ́n má sì bá ẹnikẹ́ni jà. Síbẹ̀, àsíá Mẹ́síkò tó wà láàárín èrò ni àríyànjiyàn orí tẹlifíṣọ̀n dá lé.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ó yẹ ká gbọ́ ti àwọn tó lòdì sí ìwọ́de náà pẹ̀lú. Ní ọdún 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 èèyàn rí ìwé gbà; wọ́n ṣèlérí pé ìjọba yóò máa fìyà jẹ àwọn tó bá gba aláìníwèé síṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ líle mú un. Ẹni tó bá rántí ìyẹn ní ìdí gidi láti má gbà á gbọ́ nígbà tí wọ́n bá tún ń ṣèlérí.

Ẹ̀tọ́ orílẹ̀-èdè ni láti ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀, mi ò jiyàn ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ ló yẹ kí ìròyìn tú síta. Nígbà tí wọ́n sé ọ̀nà El Paso ní 1993 àti ti San Diego ní 1994, ìlú méjì tó wà lẹ́bàá ẹnubodè Mẹ́síkò, àwọn tó ń bọ̀ kò padà sílé; aṣálẹ̀ Arizona ni wọ́n gbà, òǹgbẹ àti ooru sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, owó àwọn tó ń mú wọn kọjá náà sì gbówó lórí. Àwọn tó máa ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé wá jókòó pa sí Amẹ́ríkà, nítorí ẹ̀rù àtikọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ààrẹ George W. Bush tún fọwọ́ sí òfin odi 700 máìlì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, lórí ẹnubodè Mẹ́síkò tó gùn tó 1,950 máìlì. Ọdún yẹn gan-an ni àjọ aṣèwádìí Pew Hispanic Center fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì àwọn aláìníwèé ló fi físà wọlé, tí wọ́n kàn kọ̀ láti padà nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Odi wo ló fẹ́ dá ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú dúró?

Bí ìwọ́de mìíràn bá wáyé, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó tẹ àwòrán tó ti òkèèrè wá, ẹ sọ òfin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde fún wa, àti apá ibi tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ìlú, àti iye àwọn tó wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláìníwèé fúnra wọn kún un, àti ti àwọn ará Arizona àti Texas tó ń gbé lẹ́bàá ẹnubodè.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.